Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé

Olóòtú,

Okun o! Ọmọ àbúrò mi bímọ lóṣù méje. Ọmọ ké, a yọ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti ń ya sínú ọpọlọ rẹ̀. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é, àwọn míì ní ẹni tó gbé e ni kò di orí rẹ̀ mú. Irọ́ ni! Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ọmọ tí oyún rẹ̀ kò pé ọ̀sẹ̀ 32 kí wọ́n tó bí i kò tíì gbó, ó lè bẹ́ fúnra rẹ̀, pàápàá láàárín ọjọ́ 3 àkọ́kọ́. (Àwùjẹ̀ tí à ń fi òróró ra yẹn ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ lé láti wo inú orí ọmọ.)

Ọ̀nà ló ń dùn mí. Kí wọ́n gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti Kàbà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Lọ́kọ́jà nínú mọ́tò tó ń já sí kòtò, ewu lórí ewu ni. Bí ìrọbí bá yọjú láìtọ́jọ́, ìyá ni kí wọ́n tètè gbé, tòun ti oyún. Abẹ́rẹ́ dexamethasone tí wọ́n ń fún un kó tó bí máa ń dín ewu ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ yìí kù, kò sì wọ́n. Ṣé àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó wà ní Ìsánlú àti Mopa ní in nílẹ̀? Kí kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ìpínlẹ̀ Kogí dá wa lóhùn.

Ìyá àgbà kan,
Kàbà.