Ta ni yóò fún wàrà lára màlúù náà?

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ọdún méje ni mo fi ṣiṣẹ́ ní oko màlúù oníwàrà kan ní apá Ìsẹ́yìn (n kò ní dárúkọ wọn; wọ́n san gbogbo owó mi kí n tó lọ, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn yìn wọ́n). Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ wàrà bá délẹ̀ láàárín àwọn aláṣẹ, màlúù òyìnbó ni wọ́n máa ń sọ, tàbí ẹ̀rọ. Ní ọdún 2020, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní iléeṣẹ́ mẹ́fà péré ni òun yóò máa fún ní dọ́là láti fi kó wàrà wọlé, inú wa dùn lóko, a ní ìgbà tiwa ti dé. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ tún dá iléeṣẹ́ mínísítà ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò wá fún màlúù náà?

Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó ti Ṣakí wá, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa wo bí àwa ti ń ṣe é. Nígbà tó máa fi di Ọjọ́rú, òun nìkan ló ń dá fún wàrà. Gbogbo ẹ̀kọ́ tó kọ́ nìyẹn. Ọmọ náà fẹ́ràn màlúù, ó sọ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ọmú ọ̀kan tó ń pè ní Àbẹ̀kẹ́ wú. Dókítà ẹran wá, ó fi oògùn apakòkòrò sí ọmú náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Iye ọjọ́ tí wàrà irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi dé ẹnu ènìyàn wà lára páálí oògùn, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹyin èèrà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ yìí fún Àbẹ̀kẹ́, ó dà á mọ́ ti àwọn tó kù nínú tánkì. Àwọn tó ń ra wàrà lọ́wọ́ wa yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá oògùn níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò gbà. Inú kòtò la da gbogbo rẹ̀ sí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń yọ owó wàrà náà nínú owó oṣù ọmọ náà. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi tí mo wà níbẹ̀ mọ̀ pé ìka mìíràn ló ṣẹ̀. Bí a bá ti so aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ màlúù náà, tí a sì wí fún gbogbo ẹni tó ń fún wàrà pé ẹlẹ́sẹ̀ pupa, ọ̀tọ̀ ni ká da tirẹ̀ sí, kò sí wàrà tí ì bá dé kòtò.

Iṣẹ́ yìí kún fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ nu orí ọmú kó gbẹ, ẹ kọ́kọ́ fún díẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù dúdú kí ẹ lè rí i bó bá ń dì, àmì àìsàn ọmú nìyẹn. Lẹ́yìn tí a bá fún màlúù tán, ihò ọmú kì í tètè pa dé, ó lè tó ìdajì wákàtí. Ẹni tó mọ̀ yóò gbé koríko síwájú rẹ̀ kó lè wà lórí ìdúró. Ẹni tí kò mọ̀ yóò tú u sílẹ̀, màlúù yóò lọ dùbúlẹ̀ sórí ìgbẹ́ ẹran, kòkòrò yóò gba ihò náà wọlé, ọmú yóò tún wú. Ti omi ńkọ́? Kí lítà wàrà kan tó jáde, màlúù á ti mu bíi lítà omi mẹ́ta sí mẹ́rin. Mo ti rí ẹni tó ti omi mọ́ màlúù lọ́sàn-án, tó wá ń nà án nírọ̀lẹ́ pé ó ń ṣahun.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà. Ó wà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìtọ́jú ẹran wà ní Moor Plantation n'Íbàdàn, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà l'Ábẹ́òkúta, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí iléeṣẹ́ FrieslandCampina WAMCO ti ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní Òkè-Ògùn. Àmọ́ ti sẹ́mínà tí wọ́n ń ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń sọ. Séríkí, olórí àwọn Fúlàní, ni wọ́n ń pè síbẹ̀, olóko ni wọ́n ń pè. Wọ́n á gba báàgì, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò. Ìyá tó ti jí láàárọ̀ kùtù ní gáà, ibùdó àwọn Fúlàní, tó mọ bí wọ́n ti ń fi ewé bọmubọmu mú wàrà dì láti kékeré, kò sí níbẹ̀. Òun ló sì ń fi omi tútù ṣan kẹ́ẹ̀gì tí ọwọ́ kò lè wọ ọrùn rẹ̀, tí wàrà àná ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kó tó da tòní lé e. Èdè Fúlàní ló gbọ́, pẹ̀lú Yorùbá ọjà díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọkọ rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ wá kọ́ wa nídìí màlúù, ní àkókò tí a ń fún wàrà gan-an, ní èdè tí a gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tó. Ẹ wá obìnrin tó gbọ́ èdè Fúlàní láti kọ́ àwọn obìnrin gáà. Ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ṣe, kó gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tí NBTE, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ń mójú tó, kí owó oṣù rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti ẹni tó dé lánàá. Àwọn olóko á ní bí àwọn bá kọ́ ọ tán, yóò sá lọ. Ọ̀gá mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni, àmọ́ láàárín ọdún méje, ènìyàn mọ́kànlá ni mo kà tó lọ.

Ọmọ Ṣakí yẹn wà lára wọn. Ọ̀kadà ló ń gùn báyìí n'Ísẹ́yìn. Ó gbé mi lóṣù tó kọjá, ó sì bi mí bóyá Àbẹ̀kẹ́ ti tún bímọ. Mo ní wọ́n ti tà á fún alápatà, pé ọmú rẹ̀ kú.

Èmi ni,
Òṣìṣẹ́ oko màlúù tẹ́lẹ̀ rí,
Ìsẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.