Lẹ́tà sí Bọ́lá lórí ọ̀rọ̀ eyín Màmá

Ìmọ̀, Iléṣà.

Bọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù Kánádà o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí.

Owó tí o fi ránṣẹ́ wọlé, mo sì gbọ́ ohun tí o wí: kí wọ́n yọ eyín mẹ́fà tó ṣẹ́kù lẹ́nu Màmá, kí wọ́n gbin tuntun sínú eegun lókè nísàlẹ̀. Jọ̀ọ́, má bínú, a ò ní ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà eléyín ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Ífẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló dá wa lóhùn. Ó fi ìka tẹ erìgì Màmá yíká, ó ní mẹ́fà iwájú ìsàlẹ̀ yẹn ṣì dúró dáadáa, ẹni tó bá yọ wọ́n, ó dá Màmá lóró ni. Eyín àtọwọ́dá ti òkè a máa lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, itọ́ tó wà láàárín wọn ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé. Ìsàlẹ̀ kò ní àjà, ahọ́n sì ń tì í kiri. Eegun ibi tí eyín ti kúrò náà a sì máa fà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ohun tó bá a mu lónìí á fi máa mì tó bá yá.

Ti gbígbìn tí o ń sọ, irin titanium ni wọ́n ń dè mọ́ inú eegun, ó sì máa ń tó oṣù mélòó kan kí eegun tó dì í mú. Ó dára gan-an fún ẹni tí ara rẹ̀ gbà á. Àmọ́ ṣúgà Màmá ò tíì wálẹ̀, o sì mọ bí egbò ṣe ń pẹ́ lára wọn. Kí ni ká máa fi iṣẹ́ abẹ wá kiri?

Eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ la máa ṣe fún wọn. Òkè á jẹ́ odidi, ike aláwọ̀ erìgì. Ìsàlẹ̀ nìkan ló ní àríyànjiyàn, torí ìdajì ni, tó máa fi ìkọ́ di àwọn mẹ́fà yẹn mú. Ti ike lówó rẹ̀ mọ níwọ̀n, bí eyín kan bá sì tún bọ́ lọ́la, wọ́n á fi òmíràn kún un. Ṣùgbọ́n ó nípọn lẹ́nu. Ti nylon tó máa ń tẹ̀ wuyì, kò ní irin tó ń hàn, àmọ́ tí erìgì bá ti fà, ó ṣòro láti tún inú rẹ̀ tẹ́. Ti irin cobalt-chrome ló wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó tín-ín-rín, ó le, orí eyín tó kù ló sì ń gbé ìnira lé, kì í ṣe orí erìgì nìkan. Òun ni mo mú. Ìwọ náà mọ ẹnu Màmá, ìyá tí kì í fi eegun adìẹ sílẹ̀ fún ajá.

Ìgbà tí wọ́n ń gba ìwọ̀n ẹnu wọn ni o bá wà níbẹ̀! Wọ́n po ìyẹ̀fun kan mọ́ omi, ó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n kó o sínú abọ́ kékeré, wọ́n tì í bọ Màmá lẹ́nu. Èébì fẹ́ gbé wọn. Dókítà ní kí wọ́n tẹ orí síwájú, kí wọ́n máa fi imú mí. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́, Màmá ní, “Ṣé òkú ni mí tí ẹ fi ń di amọ̀ sí mi lẹ́nu?”

Màmá ti ń bá mi jà báyìí lórí àtisùn. Alaalẹ́ la gbọ́dọ̀ máa yọ eyín àtọwọ́dá náà sínú omi tútù (omi gbígbóná máa ń ká ike kò), torí ẹni tó bá ń gbé e sùn, ẹnu rẹ̀ lè máa pọ́n, kó máa ta á. Màmá ní Bàbá ò ní rí ẹnu òun lófo láéláé. Pè wọ́n, bá wọn sọ ọ́, tìrẹ ni wọ́n máa gbọ́.

Nígbà tá a bá padà, orí ìda ni wọ́n máa kọ́kọ́ to eyín òkè sí, kí Màmá wò ó nínú dígí, kí wọ́n lè tún un tò bí kò bá wù wọ́n. Wọ́n ti ní èjí àwọn làwọn fẹ́. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kò ṣòro rárá, àmọ́ òun fẹ́ rí fọ́tò ìgbà tó ṣì wà lẹ́nu wọn. Èyí tí wọ́n yà níbi ìgbéyàwó rẹ wà lọ́dọ̀ rẹ, àbí? Fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, èyí tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín dáadáa.

Èmi ni tìrẹ,
Fúnmi