Ọ̀rọ̀ Àwọn Olùkọ́ Adelé ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ìjọba

Sí Olóòtú,

Bí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba bá lọ fún ìsinmi ìbímọ, tàbí tí àìsàn dá a dúró sílé, agùnbánirọ̀ tàbí ẹni tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ń dáwó oṣù fún ló sábà máa ń dúró sí àyè rẹ̀. Ètò N-Power tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016 kó ọ̀dọ́ púpọ̀ wọ kíláàsì pẹ̀lú 30,000 náírà lóṣù, ṣùgbọ́n ètò onígbà díẹ̀ ni.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ṣọ́ọ̀kì nìkan ni a máa ń fi lé adelé lọ́wọ́. Mo ti yẹ ìwé ìṣirò ọmọ kan wò, mo sì bá àkọlé kan náà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín sáà kan ṣoṣo, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ ibi tí wọ́n dé fún ẹni tuntun náà. Ojúṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni láti fún un ní ìlànà iṣẹ́ sáà àti ìwé ìpè orúkọ.

Adelé pàápàá gbọ́dọ̀ máa dé lásìkò, kí ó máa yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò, kí ó sì kọ ibi tí ó bá a dé sílẹ̀ kí ó tó lọ. Mo rọ ìjọba ìpínlẹ̀ wa kí wọ́n gba ẹrù owó oṣù àwọn adelé kúrò lọ́rùn òbí, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ti ọdún 2004 ṣèlérí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí kan, Ìbàdàn