Ẹ gba àrọ̀ odò wa sílẹ̀

Olóòtú mi, mo kí yín o.

Ọdún 14 rèé tí mo ti ń sin àrọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Lọ́dún tó kọjá, omíyalé wọ pọ́ǹdù wa, ẹja sì bá omi lọ sódò. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi fi àwọ̀n mú àrọ̀ kan wálé látodò. Mo fọwọ́ pa á lẹ́yìn: lẹbẹ́ ẹlẹ́ran kékeré kan wà nítòsí ìrù rẹ̀, ó rọ̀ bí etí ewúrẹ́. Clarias gariepinus, irú àrọ̀ tó wọ́pọ̀, kì í ní in. Heterobranchus longifilis, irú àrọ̀ mìíràn, ló ní in, tirẹ̀ sì tóbi gan-an. Àdàpọ̀ àwọn méjèèjì lèyí.

Krómósómù, ìyẹn okùn tíntìntín inú ara tó ń gbé àbùdá òbí fún ọmọ, 56 ni Clarias ní, 52 ni ti Heterobranchus. Ọmọ gba 28 lápá kan, 26 lápá kejì, ó di 54. Ọ̀nà wọn ti pín tipẹ́tipẹ́ kí àwa tó máa da ẹyin ọ̀kan pọ̀ mọ́ àtọ̀ èkejì nínú abọ́.

Àdàpọ̀ yìí ń yára dàgbà. Owó rẹ̀ ni mo fi rán àwọn ọmọ mi níléèwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé tó bá ń bá ẹja odò bímọ, irú àbáláyé á pòórá. Kí ìjọba jọ̀wọ́ sọ ọ́ di dandan kí gbogbo wa fi àwọ̀n dí ẹnu páìpù tí omi pọ́ǹdù ń gbà jáde.

Èmi ni,
Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́.