Ọ́ìlì Tí Ìjàpá Rẹ Ń Fẹ́

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Àìkú

Bàyọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Mo rí fọ́tò Ìjàpá tí o rà. Volkswagen 1972, pupa fòò, ní Manchester! Ìyàwó wa ti pè mí, ó fẹjọ́ owó tí o ná sùn. Mo ní kó máa bínú lọ, èmi wà lẹ́yìn rẹ. Ó ku ọ̀rọ̀ ọ́ìlì.

5W-30 olówó gọbọi tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ń polówó fún ọ, má rà á. Ọ́ìlì gidi ni, àmọ́ ọkọ̀ òde òní ni wọ́n ṣe é fún. Kì í ṣe pé ó fúyẹ́ jù ni mò ń wí. Volkswagen fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ náà pé SAE 30 tó fún ibi tí ooru kò ti pọ̀ (nọ́ńbà SAE yìí ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó). SAE 40 ni Bàbá mi ń lò nínú tiwọn, èyí tí wọ́n tò ní Òjó l'Ékòó, nítorí oòrùn tiwa. Síńkì ni ìjà mi. Nínú ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, orí tappet pẹlẹbẹ, irin tó ń ti fáàfù, ló ń fara gbo camshaft, ọ̀pá tó ń yí tó sì ń tì í, kò sí róólà láàárín wọn. ZDDP, èròjà tí síńkì àti phosphorus wà nínú rẹ̀, ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin. Phosphorus yìí sì máa ń ba catalyst ọkọ̀ tuntun, ohun tó ń fọ èéfín rẹ̀ mọ́, jẹ́, ni wọ́n bá dín in kù nínú irú 5W-30 yẹn. Ìjàpá 1972 wo ló ní catalyst?

20W-50 tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ àtijọ́ ni kí o bèèrè. Wo ara ike, kí ZDDP wà níbẹ̀. Lítà méjì àtààbọ̀ ti tó, má rọ ọ́ jù. Ọkọ̀ yẹn kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń tù ú lára, nítorí náà pààrọ̀ rẹ̀ kó tó rin 5,000 kìlómítà.

Kò ní fílítà ọ́ìlì pẹ̀lú. Asẹ́ irin kan ló wà nísàlẹ̀, nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́fà ló dè é mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì alágbára ti ń ṣe ọṣẹ́, wọ́n á dè é le jù. Kó ṣáà ti mú, ó tó. Pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjèèjì, kí o sì fi ìka ra ìdọ̀tí inú asẹ́ náà wò. Tó bá dúdú lásán, kò burú. Tí irin wẹ́wẹ́ bá ń dán níbẹ̀, má wà á lọ síbì kankan, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Yóò máa jò díẹ̀ ṣá. Tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀, kí lańlọ́ọ̀dù má baà gbé ìjà kò ọ́.

Èmi ni tìrẹ,
Délé