Káfíńtà kan, bíríkìlà kan

Ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́ Olóyèmẹ́kùn,

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà lórí ẹní báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Ó bá èrò lọ pariwo nítorí ìyàwó olówó kan tí ọkọ lé jáde. Kò rí obìnrin náà rí láyé rẹ̀. Mo ní, "Ta ló pè ọ́?" Ó ní gbogbo èèyàn ló ń lọ.

Gbogbo èèyàn! Gbogbo èèyàn náà ló tú síta ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1820, nítorí Caroline, ìyàwó George Kẹrin, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Onígbèsè ọba, aláfẹ́, tó ń kó àlè kiri, òun ló ní kí ìgbìmọ̀ aṣòfin gba oyè ayaba lọ́wọ́ ìyàwó òun nítorí àgbèrè. Mi ò ní purọ́, èmi náà ì bá bínú. Ìbò 9 péré ni àwọn tó fara mọ́ àbá òfin náà fi borí, ni ìjọba bá ká a nílẹ̀. Alẹ́ mẹ́ta ni ìlú fi tan iná sójú fèrèsé láti bá Caroline yọ̀. Ilé tí kò bá tan tiẹ̀, wọ́n á fọ́ gíláàsì rẹ̀.

Mo mọ irú iná yẹn. Nígbà rògbòdìyàn ìbò gómìnà ní 1983, ewé la fi ń kọjá nílùú yìí. Mo já ewé dóńgóyárò, mo so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi. Ajáṣin, gómìnà wa tí wọ́n kéde pé ó fìdí rẹmi, ni mo dìbò fún o, àmọ́ ẹ̀rù ló já ewé yẹn. Òórùn ilé tó ń jó kò kúrò nímú mi títí dòní. Ilé ẹjọ́ dá ipò Ajáṣin padà fún un. Àwọn tó kú ńkọ́?

Àbí ẹ ò gbọ́ ni? Caroline fúnra rẹ̀ padà gba owó ìjọba, 50,000 pọ́n-ùn lọ́dún. Ní July 1821 wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey mọ́ ọn lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń gbadé; ọjọ́ 19 lẹ́yìn náà ló kú. Èrò tún yí òkú rẹ̀ ká, sójà yìnbọn ní Hyde Park. Èèyàn méjì kú: káfíńtà kan, bíríkìlà kan. Oníṣẹ́ ọwọ́, bíi tiyín.

Ẹ sọ fún ìyá yín kí ẹ tó jáde. Obìnrin tí ọkọ ń fìyà jẹ wà nínú agboolé yín, ta ni nínú yín ló ti gbé oúnjẹ fún un rí?

Olówó yẹn àti ìyàwó rẹ̀ ti parí ìjà lọ́jọ́ Àìkú. Àwa ṣì ń wá owó ẹni tó ń to eegun.