Lẹ́tà sí Àkànní: Owó ìfẹ̀yìntì àwọn ṣọ́jà Íńdíà

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le níbí ní Íńdíà, iṣẹ́ ń lọ, òjò Pune ló kàn ń dààmú wa.

Mo rí ìbéèrè tí Bàbá ní kí o bi mí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni àwọn ṣọ́jà Íńdíà tó ti fẹ̀yìntì bá ìjọba wọn fa ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì títí ọwọ́ wọn fi tẹ̀ ẹ́. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kò tó ohun tí wọ́n béèrè. Jókòó kí o kà á fún wọn dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mi ò sì fẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì.

OROP, ìyẹn One Rank One Pension, ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń jà fún níbí. Ipò kan, owó ìfẹ̀yìntì kan. Bí sájẹ́ǹtì méjì bá sin ilẹ̀ yìí fún iye ọdún kan náà, iye kan náà ni kó máa wọ àpò wọn lóṣooṣù, ì báà jẹ́ pé ọ̀kan fẹ̀yìntì ní 1990, tí èkejì sì fẹ̀yìntì ní 2010. Owó oṣù tí ènìyàn gbà kẹ́yìn ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, bẹ́ẹ̀ sì ni ní bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ìjọba máa ń gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti tún owó oṣù ṣe. Ẹni tó bá fẹ̀yìntì lẹ́yìn àtúnṣe náà á jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó ti lọ sílé ṣáájú, wọ́n á fi díẹ̀ kún tirẹ̀, kò sì ní dé ibi tí ti àbúrò rẹ̀ dé. Ìgbìmọ̀ míì á tún dé, àlàfo á tún fẹ̀ sí i. Ẹni tó dàgbà jù, tó ń ra oògùn jù, tirẹ̀ ló wá kéré jù.

Bàbá lè ní gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ti ṣọ́jà yàtọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní ọ́fíìsì níbí ń ṣiṣẹ́ títí dé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Gbogbo àtúnṣe owó oṣù tó bá ṣẹlẹ̀ kó tó di ìgbà náà ló máa jẹ. Ṣọ́jà kékeré kì í rí bẹ́ẹ̀, torí pé ọmọ ogun fẹ́ kí àwọn tó wà lójú ogun jẹ́ ọ̀dọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ń dá padà sílé lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́tàdínlógún lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí wọn ò tíì pé ogójì ọdún, tí àwọn ọmọ ṣì wà ní ilé ìwé, tí òbí ṣì wà lọ́rùn. Bàbá kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báńkì ní àdúgbò mi, ṣọ́jà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn ò bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ káwọn tètè sinmi, ìjọba ló ní ó tó. Láti ìgbà náà, ìbọn ẹlòmíì ni wọ́n ń gbé kọ́ èjìká. Bó o bá kíyè sí ẹnu ọ̀nà báńkì àti ilé ìtajà ńlá káàkiri Íńdíà, irú wọn ló pọ̀ níbẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló gé ọdún iṣẹ́ ọkùnrin yìí kúrú, tó tún wá fi kíkúrú ọdún náà ṣírò owó tí yóò jẹ títí ọjọ́ ikú. Mi ò rí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà dá èyí láre.

Àwọn àgbà láàárín wọn kì í gbàgbé 1973. Ní December 1971, àwọn ọmọ ogun Íńdíà ṣẹ́gun Pakistan ní Dhaka, orílẹ̀-èdè Bangladesh sì bí nínú ogun náà. Inú gbogbo ìlú dùn sí wọn. Lẹ́yìn náà ni àbọ̀ ìgbìmọ̀ owó oṣù kẹta jáde, ní ìgbà ìjọba Indira Gandhi. Gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà náà ṣe ń sọ ọ́, títí di ìgbà náà, ìdá tí ṣọ́jà kékeré ń gbà nínú owó oṣù tó gbà kẹ́yìn pọ̀ ju ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lọ. Wọ́n ní ìjọba gé ti ṣọ́jà kékeré wálẹ̀, ó sì gbé ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì sókè. Ọdún méjì péré ni ìyẹn sí ìṣẹ́gun. Nígbà tí o bá gbọ́ ìbínú lẹ́nu wọn, ibẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù gbìyànjú. Ní December 17, 1982, nínú ẹjọ́ D. S. Nakara, adájọ́ sọ pé owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe àánú tí ìjọba ń ṣe fún ènìyàn, ẹ̀tọ́ ni, iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe ló fi jẹ ẹ́. Wọ́n tún ní ìjọba kò lè kàn mú ọjọ́ kan kó ní àwọn tó lọ ṣáájú ọjọ́ yẹn kò ní jẹ nínú àtúnṣe. Títí dòní ni àwọn tó ti fẹ̀yìntì níbí ń ṣe àjọyọ̀ ọjọ́ náà lọ́dọọdún. Ní 2008, àwọn mejọ̀ jẹ́nẹ́rà tó fẹ̀yìntì ṣáájú 1996 tún gba ìdájọ́ tó fara pẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ṣọ́jà kékeré mélòó ló lówó lọ́yà?

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bọ́ sí ìgboro. Ẹgbẹ́ wọn, Indian Ex-Servicemen Movement, bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de ní 2008, nígbà tó di 2009 wọ́n ń kó àmì ẹ̀yẹ ogun wọn lọ dá padà fún Ààrẹ. Ní 2011 ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin kan tí Bhagat Singh Koshyari darí sọ pé ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń béèrè, kí ìjọba fún wọn. Nígbà tí ìdìbò ń sún mọ́lé, ohùn gbogbo olóṣèlú wá dùn. Narendra Modi, tó ń du ipò olórí ìjọba nígbà náà, lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìlú Rewari ní September 2013. Ní February 2014, P. Chidambaram tó jẹ́ mínísítà ìṣúná kéde pé ìjọba ti gbà, ó sì ya bílíọ̀nù 5 rúpì sọ́tọ̀. Ìjọba yí padà, Arun Jaitley náà ya bílíọ̀nù 10 sọ́tọ̀ ní July. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó wọ àpò ẹnikẹ́ni.

Ní June 15, 2015, wọ́n pàgọ́ sí Jantar Mantar, ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń fẹ̀hónú hàn ní Delhi. Ooru Delhi nínú oṣù yẹn, mi ò gbàdúrà ẹ̀ fún ọ̀tá. Àwọn arúgbó wọ̀nyí ń gbààwẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ́, àwọn kan lónìí, àwọn míì lọ́la. Ní August 14, ọjọ́ tó ṣáájú àyájọ́ òmìnira, ọlọ́pàá wá láti kó wọn kúrò nítorí ètò ààbò. Wọ́n tì wọ́n, wọ́n fà wọ́n láṣọ ya, àmì ẹ̀yẹ ṣì wà láyà wọn. Àwòrán náà ká gbogbo ilẹ̀ yìí. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá rí i. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn kan láàárín wọn ní àwọn ò ní jẹun mọ́ rárá títí ìjọba yóò fi dáhùn.

Ní September 5, Manohar Parrikar, mínísítà ààbò, kéde pé OROP ti bẹ̀rẹ̀, láti July 1, 2014 ni wọn yóò sì ti kà á. Kí Bàbá fetí sí ibi tó kù sí yìí. Ohun tí àwọn ṣọ́jà ń fẹ́ ni pé bí owó bá yí padà fún àwọn tó ń fẹ̀yìntì lọ́wọ́, kí ti àwọn àgbà tẹ̀lé e lọ́dọọdún. Ìjọba ní ọdún márùn-ún márùn-ún ni. Wọ́n tún ní kì í ṣe iye tó ga jù ní ipò kọ̀ọ̀kan ni àwọn yóò lò, agbedeméjì iye tó kéré jù àti iye tó ga jù ni. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọgọ́rin ọdún, ìgbà mélòó ló fẹ́ fi ọdún márùn-ún dúró?

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ní March 16, 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ pé ètò ìjọba kò tako òfin. Ẹ̀yìn àwọn ṣọ́jà kan ilẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí mú níbẹ̀ ni pé ilé ẹjọ́ rí i pé ìjọba kò tilẹ̀ tíì ṣe àtúnṣe ọlọ́dún márùn-ún tí òun fúnra rẹ̀ ṣèlérí, tó yẹ kó wáyé ní July 2019. Wọ́n pàṣẹ kó san gbogbo gbèsè náà láàárín oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta kọjá, ìjọba tọrọ àyè, ó tún tọrọ òmíràn. Ní December 2022 ló tó fọwọ́ sí i: ó lé ní mílíọ̀nù 2.5 ènìyàn tí yóò jẹ nínú rẹ̀, gbèsè náà sì tó bílíọ̀nù 236 rúpì. Ní January, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀wé pé ìgbà mẹ́rin ni àwọn yóò pín in san. Adájọ́ àgbà D. Y. Chandrachud bínú sí wọn gan-an, pé ta ló fún wọn láṣẹ láti yí ohun tí ilé ẹjọ́ sọ padà. Ní March 2023 ni ilé ẹjọ́ wá tò ó: kí àwọn opó, àwọn ẹbí olóògbé àti àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ ìgboyà gba tiwọn tán ní ìparí April, kí àwọn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún gba tiwọn tán ní ìparí June, kí àwọn yòókù gbà á ní ìgbà mẹ́ta títí di February 2024. Ìtò yẹn wù mí, torí pé àwọn tí ikú lè tètè bá ni wọ́n fi ṣáájú. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti kú láti 2019 kò rí i gbà.

Mo mọ ohun tí àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ìjọba ń sọ. Owó náà pọ̀. Nínú ìṣúná 2024 sí 2025, owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọmọ ogun nìkan lé ní tírílíọ̀nù 1.4 rúpì. Kì í ṣe owó kékeré, mi ò sì ní sọ pé kò wúwo. Ṣùgbọ́n gbèsè tó wúwo kì í di ọrẹ nítorí wíwúwo rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ti parí, wọ́n ti ṣe é lórí òkè yìnyín Siachen àti ní ojú ogun Kargil.

Sọ fún Bàbá pé mo rántí òfin tiwa náà. Ìpín 173 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n máa ṣe àtúnyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù bá yí padà, èyí tó bá ṣáájú. Apá kejì yẹn gan-an ló sún mọ́ ohun tí àwọn ará ibí ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ó ti wà nínú ìwé tiwa, kí àwọn tó jọ fẹ̀yìntì pẹ̀lú Bàbá di ìwé náà mú, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé ojú rere ni wọ́n ń wá.

Ohun tó ń kọ mí lóminú báyìí ni ètò tuntun tí wọ́n fi ń gba ṣọ́jà síṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Agnipath. Ní June 2022, ìjọba ní ọdún mẹ́rin péré ni ṣọ́jà tuntun yóò máa lò. Ẹnì kan nínú mẹ́rin ni wọn yóò dá dúró, àwọn yòókù yóò gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.17 rúpì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn ọ̀dọ́ ní Bihar bínú dé ibi pé wọ́n dáná sun ọkọ̀ ojú irin, èyí tí kò dára. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn bàbá wọn fi ogójì ọdún béèrè pé kí owó àwọn dọ́gba, èsì tí àwọn ọmọ wá rí ni pé kò ní sí owó rárá.

Bá mi bi Bàbá ọdún tí wọ́n fẹ̀yìntì àti ipò tí wọ́n wà nígbà náà, kí o sì bi wọ́n bóyá wọ́n mọ iye tí ẹni tó wà ní irú ipò yẹn ń gbà lónìí. Bó o bá ti rí i, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní